Bátìrì Tí A Fi Yẹ́ Ọmọ Ọlọ́mọ Sí

Ọ̀kan ti wú nínú bátìrì méjèèjì. Wassila gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ ikùn rẹ̀, ó sì rí i pé ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ó rọra gbé e sí igun tábìlì ilé ìdáná, jìnnà sí abọ́ àkàrà dàbínù tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti tò sílẹ̀ de àlejò, ó wá nawọ́ mú ìkejì.

Ìta ń hó. Èsì Báàkì, ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, ti wọlé sórí fóònù láàárọ̀, Ghofrane, ọmọ kan ṣoṣo tí Wassila bí, sì ti yege. Kì í tún ṣe yíyege lásán. Òun ló gba máàkì tó ga jù ní gbogbo erékùṣù Kerkennah, àtọkùnrin àtobìnrin. Bí obìnrin kan bá fi ahọ́n yí igbe ayọ̀ lórí òrùlé kan, òmíràn a gbà á lẹ́nu rẹ̀ lórí òrùlé kejì, bẹ́ẹ̀ ni igbe náà ń lọ láti ilé dé ilé títí tó fi dé etí òkun.

Mondher, ọkọ Wassila, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Apẹja ni, àmọ́ ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún ló wọ̀ lónìí, ó sì ti fi ìpara pa irun rẹ̀ débi tó ń dán yinrin.

"Ìyá Ghofrane, kí lò ń dúró dè? Àwọn èèyàn ti kún orí òrùlé. Màmá ti pe gbogbo ayé tán. Gbé bàálù síta jàre."

"Ẹ wá wo nǹkan."

Mondher sún mọ́ ọn. Ó wo bátìrì tó wú, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ó ti kú ni?"

"Ì bá kú, ì bá sàn. Ó ti bàjẹ́ nínú ni. Bí mo bá fi í fò, ó lè gbiná lókè."

"Ìkejì ńkọ́?"

Wassila ki ẹnu mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná bọ ìdí bátìrì kejì. Nọ́ńbà tó jáde dára, ó kún dẹ́nu. Bátìrì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò wú, kò ya, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àmọ́ gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Bàálù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Wassila ló fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn án pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìyẹ́ bàálù náà gùn ju èèyàn tó nà gbalaja lọ. Àwọ̀ ìyeyè ló kùn ún, rìmóòtù ló sì fi ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀.

Lọ́dún tí Mehdi, ọmọ Khadouja aládùúgbò wọn, yege, bàbá rẹ̀ wà lójú òkun nídìí ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, fóònù kò sì gbé níbẹ̀. Wassila fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ orúkọ ọmọ náà gàdàgbà sára aṣọ funfun gígùn kan, ó so aṣọ náà mọ́ ìdí bàálù, ó sì rán an lọ bá bàbá náà lójú omi. Láti ìgbà náà ló ti di àṣà. Ọmọ tó bá yege Báàkì ní abúlé yìí, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fò. Bàálù á gba orí gbogbo òrùlé kọjá, á yí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí po, á padà wá balẹ̀ létí òkun. Ọdọọdún ni, kò sì já bọ́ rí. Bí ohun kan bá wà láyé tí Wassila fi ń yangàn, ohun náà nìyẹn, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Bàálù Hédi onígbàjámọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní iṣẹ́ náà, ti kọ́ igi ọ̀pẹ, ó ti wọ kànga, ó ti balẹ̀ sórí ewúrẹ́. Tirẹ̀ kò já bọ́ rí.

Ó wá kan ọmọ tirẹ̀ wàyí, bátìrì sì ti wú.

Ohun tó ń dùn ún jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló bà á jẹ́. Irú bátìrì yìí kò fẹ́ kí wọ́n gba iná sí i lára kún kí wọ́n wá pa á tì, pàápàá nínú ooru. Ìdajì ni wọ́n ń fi í sí tí wọn kò bá tíì fẹ́ lò ó. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fò gan-an ni wọ́n tó ń rọ ọ́ kún. Wassila ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní òfin yìí, tí á máa tẹnu mọ́ ọn bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ghofrane jáde nínú ìdánwò tó kẹ́yìn, tó ní, "Mọ́mì, kò sí èyí tí mi ò kọ," inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ìjókòó kò gbà á mọ́. Ta ló tún fẹ́ yege bí kì í bá ṣe ọmọ òun? Kí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń retí? Lójú ẹsẹ̀ ló gba iná sí bátìrì méjèèjì, ó rọ wọ́n kún dẹ́nu, ó tò wọ́n sínú àpótí nínú yàrá orí òrùlé, pé bí èsì bá ti jáde báyìí, kí bàálù ti gbéra. Èsì kò wá tètè jáde. Oòrùn sì ń pa yàrá náà lójoojúmọ́. Bátìrì tó ti gbó tẹ́lẹ̀, tó yó bámúbámú, tó tún ń jókòó nínú ooru, ta ni kò mọ ibi tí ìyẹn ń lọ?

Ó kúkú ti ránṣẹ́ sí tuntun láti ìgbà ààwẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní Tunis ń sọ pé lọ́la, lọ́la, títí ọ̀la fi di òní.

"Tíṣà! Ẹ kú oríire o!" Hédi onígbàjámọ̀ ti wọlé, ó gbé àpò kan dání. "Ọmọ yín ti dójú ti gbogbo ọkùnrin erékùṣù yìí!"

"Ẹ̀yin ọkùnrin ti ń dójú ti ara yín tipẹ́, Hédi. Gbé àpò yẹn sílẹ̀, wá wo nǹkan."

Hédi wo bátìrì tó wú, ó súfèé. "Háà! Ta ló ṣe irú èyí?"

"Èmi ni."

Ọlọ́gbọ́n ni Hédi, àpò rẹ̀ ló ṣí. "Mo gbé bátìrì tèmi wá. Ẹ jẹ́ ká lò ó."

"Tìẹ kéré. Ṣé adìẹ lè fa ràkúnmí ni? Kò lè gbé bàálù yẹn kúrò nílẹ̀, ká má tíì sọ aṣọ tó wà nídìí rẹ̀."

"Ká so ó pọ̀ mọ́ èyí tí kò wú yẹn, kí àwọn méjèèjì jọ gbé e."

"Kí aláìsàn máa fa alára líle sínú kòtò? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Mondher tó dúró láàárín wọn ń wo ojú ẹni méjèèjì bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. "Èmi ò mọ gbogbo èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mítà yẹn ní ó kún. Ṣé ó kún àbí kò kún?"

"Ó kún," Wassila dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká wá bi í bóyá ó lè ṣiṣẹ́."

Wọ́n gbé bàálù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, níbi tí ewé ti bo ojú àwọn tó wà lórí òrùlé. Mondher di ìdí rẹ̀ mú, Hédi di ìyẹ́ mú. Wassila fi bátìrì kejì sínú rẹ̀, ó sì so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn, irú èyí tó máa ń ké bí agbára bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀. Ó gbé rìmóòtù, ó sún ọ̀pá rẹ̀ síwájú títí dé òpin.

Ẹ́ńjìnnì ké. Ewé ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ fò sókè, eruku bo ẹ̀wù ọdún Mondher, irun tó fara balẹ̀ pa sì dìde dúró gbàgà. Bàálù náà ń fà, ó ń fà bí àgbò tó rí ọ̀nà pápá. Àyà Wassila fẹ̀. Ó mọ ìró yẹn, ó mọ̀ ọ́n bí ohùn ọmọ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti ń sọ pé kò sí nǹkan kan, àṣejù òun lásán ni, nígbà tí ẹ̀rọ kékeré náà bú sígbe, fíì, fíì, fíì, bí ọmọ adìẹ tó sọnù.

Ó fa ọ̀pá sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

"Kò pẹ́ rárá," ó sọ fún ara rẹ̀.

Hédi tẹ̀ síwájú, ó wo mítà. "Ẹ wò ó! Ó tún ti padà kún!"

"Bí ẹni tó sáré díẹ̀ tó wá jókòó ni. Bó bá jókòó, èémí rẹ̀ á padà. Níbo ló fẹ́ jókòó sí lójú ọ̀run?"

"Tíṣà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Ẹ̀rọ yín yìí ló le jù. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló rí, ó ń lu ọmọ kí ọmọ tó ṣẹ̀. Ẹ yí i sílẹ̀ díẹ̀, kò ní ké mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ní kó fò. A ò ní kó gbé wa lọ sí Mẹ́kà."

Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí i sílẹ̀ wà lára ẹ̀rọ náà, kò tó ẹyọ ìrẹsì. Wassila fi èékánná lé e. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ lẹ́yìn àwọn mẹ́ta yìí. Bàálù á gbéra, á gba orí òrùlé kọjá, orúkọ Ghofrane á máa jó lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin á ké, á yí mọ́ṣáláṣí po, á padà. Ó wù ú gan-an.

"Bó bá jẹ́ nítorí orí àwọn èèyàn ni," Mondher sọ, ó ń gbọn eruku ẹ̀wù rẹ̀, "fò ó lójú òkun nìkan. Kò sí òrùlé lójú òkun."

"Ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé yìí ló ń lúwẹ̀ẹ́ lójú òkun lónìí. Ọmọ ta ni kí n jù ú lù?"

"Ṣé ó dájú pé yóò já ni?"

"Kò dájú. Ìyẹn gan-an ni wàhálà mi, Bàbá Ghofrane. Bó bá dájú pé yóò já, ṣé mo tún máa dúró rò ó? Ó lè lọ kó bọ̀ láyọ̀. Ó sì lè dé orí òrùlé Khadouja, níbi tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ti ń rá kiri, kí bátìrì ní òun ò lè mọ́. Bátìrì yẹn náà ló ń fún bàálù ní etí tó fi ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Bó bá dákẹ́, mo lè tẹ rìmóòtù títí ọ̀la, òkúta lásán ló máa já bọ́."

Ìgbéraga méjì ló ń jà nínú Wassila, ọ̀kan kò sì kéré ju èkejì. Èkíní ń sọ pé ọmọ gbogbo ayé fò, ọmọ tìẹ tó dára ju gbogbo wọn lọ ni kò wá ní fò? Èkejì ń sọ pé bàálù rẹ kò já bọ́ rí.

Ó mú èékánná kúrò lórí bọ́tìnnì.

Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀, Ommi Mbarka, já sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti wé gèlè tó fi máa ń lọ sí ibi ìgbéyàwó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n fún làálì.

"Kí lẹ̀ ń sè níbí tí kò jinná? Oòrùn fẹ́ dín àwọn èèyàn mi lórí òrùlé. Wassila, gbé ọkọ̀ yẹn sókè kí wọ́n rí i."

"Màmá, kò ní fò."

"Kí ni kò ní fò?"

"Bàálù. Bátìrì rẹ̀ ti gbó. Bí mo bá gbé e sókè, ó lè já lé èèyàn lórí."

Ommi Mbarka wo ọmọ rẹ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Mondher sì ń wo ilẹ̀.

"Ó fò fún ọmọ Khadouja," obìnrin àgbà náà bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. "Ó fò fún ọmọ Fathi, tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì títí di àná. Ó fò fún ọmọ ìyàwó alásè búrẹ́dì yẹn, obìnrin tí kì í kí mi lójú ọ̀nà! Mo jókòó sórí òrùlé mi, mo pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Ó wá kan tèmi. Ó kan ọmọ tó fi gbogbo wọn sẹ́yìn, ẹ wá ní bátìrì gbó?"

"Àwọn ọmọ yẹn ló lò ó gbó, Màmá."

Wassila kò mọ̀ pé òun fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì sọ ọ́ tán.

"Gbogbo wọn ló lò ó. Ọmọ Khadouja lò ó, ọmọ Fathi lò ó, ọmọ alásè búrẹ́dì lò ó. Mo fi yẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sí títí tó fi gbó, mi ò sì kábàámọ̀ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Èyí tó kù fún ọmọ mi nínú rẹ̀ kò tó ohun tí mo lè gbé orúkọ rẹ̀ lé. Kò já bọ́ rí lọ́wọ́ mi, Màmá. Ṣé ọjọ́ tí orúkọ Ghofrane wà nídìí rẹ̀ ni kó wá já? Títí láyé ni wọ́n á máa sọ ọ́ pé ọmọ tí orúkọ rẹ̀ já bọ́ láti òkè ni."

Ommi Mbarka fa gèlè rẹ̀ síwájú, ó tún fà á sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ orúkọ tó já bọ́ yẹn wọ̀ ọ́ lára, ó hàn lójú rẹ̀. "Kí ni kí n wá sọ fún àwọn tí mo pè?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Èmi ni màá bá wọn sọ ọ́."

Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó yọ bátìrì náà kúrò nínú bàálù, ó ní kí Hédi fún òun ní ẹ̀mú nínú àpò rẹ̀. Ó já wáyà pupa nìkan, ó fi téèpù wé ẹnu rẹ̀ dáadáa kó má baà kan ara wọn gbiná, kó tó wá já dúdú. Hédi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìgbà tí wọ́n ń dúńbú àgbò tó mọ̀ ọ́n lójú.

"Tíṣà, ẹ ò bá jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀ de gílóòbù."

"Bó bá ní ẹnu tí mo lè fi sínú bàálù, màá fi sí i kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Mo mọ ara mi. Gbé èyí tó wú yẹn lọ sínú iyanrìn kó tó dá nǹkan sílẹ̀."

Ó gun orí òrùlé lọ. Ó dà bí ẹni pé gbogbo abúlé ló wà lókè, lórí òrùlé tó yí tirẹ̀ ká, àwọn ọmọdé lórí ògiri, àwọn bàbá lábẹ́ agbòòrùn, àwọn obìnrin tí wọ́n ti múra bí ọjọ́ ìgbéyàwó. Ghofrane wà lórí òrùlé Khadouja lọ́wọ́ ọ̀tún, ìpara ètè àwọn obìnrin tó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ ti kùn ún pupa. Nígbà tí wọ́n rí Wassila, wọ́n hó. Ó gbé ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́.

"Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá! Bàálù kò ní fò lónìí. Bátìrì rẹ̀ kò dára mọ́, mi ò sì lè gbé ohun tí kò dára gba orí ọmọ yín kọjá. Ẹ má bínú."

Ọkùnrin kan tó wà lókèèrè, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbélé, pariwo pé, "Tíṣà, ẹ̀yin náà ńkọ́! Ọmọ ọlọ́mọ ń fò, tiyín ló wá ń rìn nílẹ̀?"

Ẹ̀rín bú díẹ̀díẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ojú Wassila gbóná, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò tẹ̀.

"Ọmọ tèmi ní ẹsẹ̀," ó dá a lóhùn. "Ó mọ ọ̀nà ibi tó ń lọ."

Khadouja, tó dúró ti Ghofrane, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan gbàá. Obìnrin ńlá ni, bó bá sọ̀rọ̀, etí òkun ń gbọ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Kó rìn nígbà náà! Kí la tún ń ṣe lórí òrùlé? Fathi, sọ̀ kalẹ̀. Mehdi, dìde níbẹ̀. Gbogbo ilé tí bàálù yẹn ti fò fún ọmọ wọn, ẹ wá gbé e!"

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kí Wassila tó délẹ̀, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti kún. Khadouja ti di ìyẹ́ òsì mú, Fathi di ọ̀tún, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó yẹ kó wà níwájú. Ìyàwó alásè búrẹ́dì dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní apá rẹ̀, ó kí Ommi Mbarka. Ommi Mbarka dá a lóhùn, àmọ́ kò wo ojú rẹ̀. Ó tó ná.

Ghofrane gba àárín èrò wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, Hédi ní ẹ já wáyà rẹ̀. Ṣé lóòótọ́?"

"Mo já a."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Bó bá jẹ́ èmi, mi ò bá ti yí ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì fún ẹ ní rìmóòtù. Máàkì rẹ ga, orí rẹ kò tíì balẹ̀." Wassila fi etí aṣọ rẹ̀ nu àwọ̀ pupa kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó nu ún ju bó ti yẹ lọ, nítorí kò fẹ́ kí ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ òun. Orí rẹ̀ ń wú. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé wò ó, kí wọ́n wo ọmọ yìí, kí wọ́n sì sọ pé òun ni ìyá rẹ̀.

Wọ́n gbé bàálù sókè lé orí. Mehdi, tó ti ń kàwé ní Sfax báyìí, àti ọmọ Fathi na aṣọ funfun tí Wassila kọ orúkọ Ghofrane sí láàárín ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà wọ́ nílẹ̀. Wọ́n jáde sí ojú ọ̀nà. Àwọn ọmọdé ń sáré níwájú, àwọn obìnrin ń yí ahọ́n, Hédi ń fẹnu ṣe ìró ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kó dákẹ́, kò dákẹ́. Bàálù náà ń rọ̀ sọ́tùn-ún rọ̀ sósì nítorí Khadouja ga ju Fathi lọ.

"Tíṣà," Khadouja bojú wẹ̀yìn, ó ń mí hẹlẹ, "ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń gbé bàálù yìí fò, mi ò ka lẹ́tà kan ṣoṣo rí lókè yẹn."

"Báwo?"

"Ó jìn! Aṣọ yẹn ń lọ́, ó ń ká. Mò ń rí nǹkan yẹ́lò tó ń wọ́ àkísà, mo sì ń pàtẹ́wọ́ nítorí mo ti mọ ọmọ tó yege."

"Èmi náà," Fathi sọ láti abẹ́ ìyẹ́ kejì.

"Ẹ̀yin náà?" Wassila dúró sójú ọ̀nà. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó alásè búrẹ́dì sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo òru tí òun fi ń kọ lẹ́tà yẹn kí ó tọ́, tí òun ń wọn ọ́n, tí òun ń pa á rẹ́! Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in débi tó fi di apá Mondher mú.

"Ẹ dúró," ohùn kan sọ.

Ommi Mbarka ni. Ó ti kúrò láàárín àwọn obìnrin, ó sì dúró níwájú aṣọ tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjèèjì nà. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rí. Nígbà èwe rẹ̀, àwọn arákùnrin rẹ̀ ló ń wọ ọkọ̀ lọ kàwé. Òun ló ń fọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ.

"Ghofrane, níbo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ọwọ́ ọ̀tún, Ìyá àgbà. Níbí."

Ọmọ náà mú ìka rẹ̀ tí làálì pọ́n, ó gbé e lé lẹ́tà àkọ́kọ́. Obìnrin àgbà náà fi ìka tọ ọ́, ó tọ ibi tó ti ká, ó tọ ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀. "Kí ni ti èyí tó wà lórí rẹ̀ bí èso ólífì?"

"Àmì rẹ̀ ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, lẹ́tà mìíràn ni yóò jẹ́."

"Hẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Ìyẹ́ ti ń wúwo lọ́wọ́ Fathi. Òógùn ń já lójú Khadouja. Mondher sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Màmá, oòrùn mú o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ommi Mbarka kò yíjú. Ìka rẹ̀ wà ní àárín orúkọ náà.

"Ẹ má tíì sún," ó ní. "Mi ò tíì kà á tán."

Wassila gbé ọwọ́ sókè sí gbogbo wọn. Ìró ẹ́ńjìnnì tí Hédi ń fẹnu ṣe dákẹ́, àwọn ọmọdé tó ti sáré síwájú padà wá, gbogbo ojú ọ̀nà sì dúró nínú oòrùn títí tó fi kà á tán.